Ilẹ̀ ibi ìjáẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń já lù: ṣé kọnkéré onífáíbà lè gbà á?

Ọmọ Arárọ̀mí · Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń ta ẹ́ńjìnnì àti gíà tòkunbọ̀ ní Arárọ̀mí, ní Géètì, n'Íbàdàn níbí. Bí ẹrù bá dé láti Èkó, àwọn alábàárù á yí ẹ́ńjìnnì wá sí etí ọkọ̀, wọ́n á sì gbé e sọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rí gbé sọ̀. Òmíràn á já mọ́ wọn lọ́wọ́, gbì, lórí kọnkéré.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti da ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, íǹṣì mẹ́rin ni, kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Kò pé ọdún kan tó fi rún wómúwómú. Nígbà kejì, bíríkìlà ní ká tẹ́ BRC, àwọ̀n wáyà irin, sí i, a sì tẹ́ ẹ. Kò túká bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ́ńjìnnì bá bà, òkè rẹ̀ á ṣí bí èèpo, á di kòtò, omi òjò á sì dúró síbẹ̀. Ní báyìí wáyà BRC ti yọ orí síta níbi mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ya ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, àwa la gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó sọ fún mi pé irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n pò mọ́ kọnkéré tiwọn, pé fáíbà ni wọ́n ń pè é, pé nǹkan tó wúwo ń já lù ú tí kò fọ́. Ṣé òótọ́ ni? Èló ni mo máa lò? Ibẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà ní gígùn, mítà márùn-ún ní fífẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Bàbá Mọlémọlé Òjé · Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Irú èyí kò ní wáyé mọ́, láṣẹ Ọlọ́run. Kí ẹsẹ̀ ọmọ náà tètè jinná.

Láti 1987 ni mo ti ń mọlé n'Íbàdàn yìí. Íǹṣì mẹ́rin la fi ń da ilẹ̀ pálọ̀, a kì í fi da ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń já lù. Ẹni tó bá ọ ṣe é kò bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Da íǹṣì mẹ́jọ, to irin 12 mm lókè àti nísàlẹ̀, kí o sì lo gíránáìtì tó mọ́. Fáíbà tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé ni. Irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, kí ló fẹ́ gbé dúró?

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ lórí íǹṣì mẹ́rin yẹn. Lórí fáíbà nìkan ni mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Kọnkéré lágbára bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá ń fà á ya ni kò lágbára: agbára tó ní nígbà tí a bá ń fà á kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ní nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá já lù ú, ojú ibi tó bà ń rún mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ibẹ̀ àti àyíká rẹ̀ ń fà ya, ibẹ̀ ló ti ń sán. Kọnkéré lásán tó bá ti sán, kò sí ohun tó so apá kan mọ́ èkejì mọ́. Tí òmíràn bá tún já lù ú, ó parí.

BRC dára, ṣùgbọ́n ojú kan ló dúró sí. Láti orí wáyà dé ojú ilẹ̀, íǹṣì méjì kọnkéré wà níbẹ̀ tí kò ní irin kankan nínú. Ibẹ̀ ló ń ṣí bí èèpo tí Ọmọ Arárọ̀mí sọ. Fáíbà kì í dúró sójú kan. Gbogbo ara kọnkéré ló wà, dé ojú rẹ̀, dé igun rẹ̀, òmíràn kọjú síbí, òmíràn kọjú sọ́hùn-ún. Ibi yòówù tó bá fẹ́ sán, á bá fáíbà lọ́nà, fáíbà á sì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú bí òwú aránṣọ. Kí ibẹ̀ tó lè là sí i, ó di dandan kó fa fáíbà yọ, wàhálà fífà á yọ yìí ló sì ń jẹ agbára ìjá náà tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ orí fáíbà onírin bí ìwọ̀, kó má baà yọ bọ̀rọ̀. A kò tilẹ̀ fẹ́ kó já. Kó máa yọ díẹ̀díẹ̀, kó máa yọ tipátipá, ohun tí a ń fẹ́ nìyẹn. Ní 1963 ni Romualdi àti Batson ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé lórí bí wáyà tó súnmọ́ra ṣe ń dá sísán dúró nínú kọnkéré, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Ìdánwò kan wà tí ìgbìmọ̀ 544 ti ACI, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọnkéré ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀, tí àwa náà ṣe nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ẹ ó da kọnkéré rìbìtì kan, íǹṣì mẹ́fà ní fífẹ̀, íǹṣì méjì ààbọ̀ ní nínípọn. Ẹ ó gbé bọ́ọ̀lù irin lé e láàárín, òòlù 4.54 kg á sì máa já lu bọ́ọ̀lù náà láti ibi tó ga ní 457 mm. Ẹ ó máa ka iye ìgbà: iye tó fi kọ́kọ́ sán, àti iye tó fi túká. Kọnkéré lásán, iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ti onífáíbà, ó lè ti sán tipẹ́, ọwọ́ yín á ti ro, ẹ ó ṣì máa kà á lọ. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ má rò pé fáíbà ò ní jẹ́ kó sán. Yóò sán. Ohun tí fáíbà ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí èyí tó sán di èyí tó fọ́.

Ẹ wá wo ìṣirò yìí. Òòlù ìdánwò yẹn, agbára ìjá rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bí 20 joule (joule ni a fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀). Ẹ́ńjìnnì tó wọn 150 kg, tó já láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ga ní 1.2 m, agbára tirẹ̀ lé ní 1,750 joule. Ó ju ìlọ́po ọgọ́rin lọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí èmi á ṣe: íǹṣì mẹ́fà (150 mm), ìyẹn mítà kúbíkì 4.5. Fáíbà onírin olórí ìwọ̀, gígùn 50 tàbí 60 mm, 30 kg fún mítà kúbíkì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 135 kg.

Ọmọ Pólì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Arárọ̀mí, kí ẹ tó náwó lé fáíbà onírin, ẹ rántí pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń po koríko mọ́ amọ̀ bíríkì ní Íjíbítì, ó wà nínú Ẹ́kísódù orí 5. Fáíbà náà nìyẹn. Irun èèpo àgbọn ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi, ọ̀fẹ́ ni lọ́wọ́ àwọn alágbọn. A gé e sí íǹṣì kan, a pò ó mọ́ kọnkéré, èyí tó ní àgbọn nínú kò túká bíi ti lásán nígbà tí a fi òòlù lù ú. Ẹlòmíràn nínú kíláàsì wa gé náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà. Ìyẹn náà kò wọ́n.

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ọmọ Pólì, o káre, iṣẹ́ tó dára lo ṣe. Ọjọ́ mélòó ni kọnkéré náà lò kí ẹ tó lù ú? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, o kò tíì rí ìparí rẹ̀. Omi inú sìmẹ́ńtì ta bí eérú, ó sì ń jẹ irun ewéko díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àgbọn inú rẹ̀ á ti gbó, á máa já gẹ́gẹ́ bí okùn jíjẹrà. Àwọn ènìyàn ń wá ọ̀nà láti tọ́jú u kí wọ́n tó pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn wà kọ́ ni a ó ti dán an wò. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Ó ń yọ̀, sìmẹ́ńtì kì í dì í mú, ó sì rọ̀. Bí ọwọ́ bá fà á, á kàn yọ lọ ni.

Ọmọ Pólì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:34 àárọ̀

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni, mà. Ẹ ṣeun, ẹ là mí lójú.

Kọ́ǹtírákítọ̀ Mọ́níyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Mo ti fi ọwọ́ ara mi da ilẹ̀ onífáíbà nígbà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n tan mí jẹ. Mo béèrè fáíbà, ọlọ́jà kan kó àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún mi, irun oníke funfun bí òwú, ó ní òun kan náà ni. Kì í ṣe òun kan náà! Irun oníke wẹ́wẹ́ yẹn, tí kì í pé kìlò kan nínú mítà kúbíkì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí kọnkéré tútù má sán bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fa omi ara rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wúlò fún ìyẹn. Kò lè gba ẹ́ńjìnnì. Ike kan wà tó nípọn, tó gùn bí ọmọ ìka, ìyẹn lè ṣe iṣẹ́ tó súnmọ́ ti irin, kìlò mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń lò nínú mítà kúbíkì. Kì í sì í dípẹtà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ kan ta méjì fún yín. Ẹ ní kó tú àpò náà kí ẹ tó sanwó.

Nígbà kejì, mo rí irin gidi rà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì da gbogbo rẹ̀ sínú mísà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó jọ ṣùkùṣùkù bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ibì kan kún fún irin, ibì kan kò ní ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ po yanrìn, gíránáìtì, sìmẹ́ńtì àti omi, kó jọ kọnkéré tán, kí ẹ tó máa wọ́n fáíbà sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n gàrí sómi gbígbóná, kí mísà máa yí lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ó rí i pé ó le, kò fẹ́ ṣàn. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà, nítorí gbogbo bíríkìlà ló máa sáré bu omi. Ẹ má bu omi! Omi púpọ̀ ló ń sọ kọnkéré di aláìlágbára. Superplasticizer ni kí ẹ fi sí i, òun ló ń mú un rọ̀ láìfi omi kún un. Ẹ má sì fi ṣọ́bìrì po onírin. Kò lè kárí.

Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ́ ẹ tán, fáíbà kan á máa yọrí lójú rẹ̀. Ẹ fi pákó tẹ̀ ẹ́ wọlé kó tó gan. Èyí tó bá kù, ẹ fi páláyà gé e. Yóò dípẹtà díẹ̀ lójú, ìyẹn kò dé inú.

Níbi kan ṣoṣo ni mi ò ti bá Ẹnjiníà rìn. 30 kg kéré fún ibi tí ẹ́ńjìnnì ń já lù. 40 ni mo fi ṣe ti ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn tó ń já páìpù irin ló ni ibẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Mo gbà. Mo ń ronú pé mísà kékeré ni wọ́n máa rí, 40 á sì máa kó jọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tí mísà tó dára bá wà, tí superplasticizer sì wà, ẹ ṣe 40. Yóò di 180 kg.

Ìyá Onírin Sángo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Irin rọ́ọ̀dù ni mò ń tà, ọdún mọ́kànlélógún rèé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń já irin nílé mi. Ẹ̀yin ń wá kọnkéré tó máa gba ìyà. Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dín ìyà náà kù. Táyà tírélà tó ti gbó ni mo tò síbi tí ọkọ̀ ń gbẹ́nu sí, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ẹrù á kọ́kọ́ bá táyà. Ilẹ̀ mi kò ní fáíbà, kò sì fọ́.

Ẹ sì bá àwọn alábàárù yín ra jáàkì onípúlì kan tí a ń pè ní séènì bọ́ọ̀kù. Ẹ́ńjìnnì tó wọn 150 kìlò, ọrùn ọmọ ènìyàn ló ń gbé e. Ẹsẹ̀ ló ya lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, ẹ wí ire. Táyà ń rọ̀ lábẹ́ ẹrù, ìjá náà kì í parí lójijì, agbára tó ń bá kọnkéré lẹ́ẹ̀kan náà á sì dínkù púpọ̀. Kí ẹ tò ó lé orí onífáíbà ni mo máa sọ.

Ayọ̀ Akóbọ̀ · Ọjọ́rú, 9:03 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ́ ilé alájà kan lọ́wọ́. Níwọ̀n bí fáíbà ti lágbára tó báyìí, ṣé mo lè fi rọ́pò irin nínú dẹ́kìn? Irin ti wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá Mọlémọlé Òjé · Ọjọ́rú, 9:11 àárọ̀

Rárá! Ẹ má dán an wò!

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́rú, 9:26 àárọ̀

Rárá o, ẹ gbọ́ ti Bàbá. Ilẹ̀ Arárọ̀mí ní erùpẹ̀ lábẹ́ tó gbé e dúró. Dẹ́kìn ò ní nǹkan lábẹ́, afẹ́fẹ́ ni, ènìyàn ló sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ibùgbé. Irin tí ẹnjiníà yín yà sínú àwòrán ló ń gbé dẹ́kìn, ẹ má yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì 42.5 (nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò rẹ̀ nìyẹn) ni kí ẹ fi ṣe é pẹ̀lú. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí 32.5 mọ sórí rírẹ́ ògiri.

Bàbá Mọlémọlé Òjé · Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Òwú aránṣọ tí Ẹnjiníà fi ṣàpèjúwe yẹn yé mi, mo gbà pé fáíbà lè di ojú rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sí ẹni tó béèrè. Ọmọ Arárọ̀mí, ẹ̀ẹ̀mejì ló fọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, irin wà níbẹ̀. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Lọ́la, mú irin rọ́ọ̀dù kan, máa fi lu ilẹ̀ yẹn, káàkiri ni o, kó o máa tẹ́tí. Ibi tó bá dún gbọin-gbọin, ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá dún bí agbè, òfìfo ló wà níbẹ̀. Kí o wá sọ fún wa.

Ọmọ Arárọ̀mí · Ọjọ́bọ̀, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Mo lù ú. Ìdajì tó wà lápá ẹ̀yìn dún bí agbè. A hú ibì kan, ọwọ́ mi wọ abẹ́ kọnkéré títí dé ọrùn ọwọ́. Ilẹ̀ dúdú ni, ó tutù, náílọ́ọ̀nù àti èèpo iṣu wà nínú rẹ̀. Orí pàǹtírí ni wọ́n da kọnkéré lé fún wa.

Ẹnì kan tún fẹ́ ta ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ti fọ́ fún mi, ó ní kí n fi kún kòtò náà.

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́bọ̀, 7:08 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín pẹ̀lú ìró lára mi. Èmi ni kò béèrè, ó sì yẹ kí n béèrè.

Ọmọ Arárọ̀mí, ẹ má gba ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì yẹn rárá, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi òòlù fọ́ ọ nítòsí yín. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Kọnkéré tí kò ní ilẹ̀ lábẹ́, bí afárá ló rí. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá já lù ú, á tẹ̀ sísàlẹ̀, á sì ya láti abẹ́. Fáíbà ò lè wo ìyẹn sàn.

Bàbá Mọlémọlé Òjé · Ọjọ́bọ̀, 7:40 alẹ́

Kó gbogbo pàǹtírí yẹn dànù títí o ó fi kan ilẹ̀ líle. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ pupa, íǹṣì mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n omi sí i, fi rámà gún un kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Má dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí o ní o gún un, òkè nìkan ni yóò le. Háádìkọ̀, òkúta fífọ́, ló kàn, kí o tẹ́ ọ̀rá lé e, kí ilẹ̀ má baà fa omi kọnkéré. Wá ọ̀nà fún omi òjò náà láti jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún fọ ilẹ̀ náà lọ.

Kọ́ǹtírákítọ̀ Mọ́níyà · Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ gé ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin kó lè sán síbi tí ẹ fẹ́, kí ibi gígé náà jìn tó ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn rẹ̀, ní ọjọ́ kejì tí ẹ dà á. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó.

Ọmọ Arárọ̀mí · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù méjì lẹ́yìn náà, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A ti ṣe é. Kíkó pàǹtírí àti gígún ilẹ̀ ló gba ọjọ́ tó pọ̀ jù, ọjọ́ mẹ́fà, dídà á fúnra rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan. Àpò sìmẹ́ńtì méjìlélọ́gbọ̀n, 42.5. Fáíbà 40 kg fún mítà kúbíkì kọ̀ọ̀kan ni a lò. Nínú mísà kejì ó kó jọ díẹ̀ nítorí ọmọ kan kánjú, a yọ àwọn ṣùkù náà dànù. Ẹnì kan gbé korobá omi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kan gbáko ni a ò já ẹrù sórí rẹ̀.

A ti já ọkọ̀ mẹ́ta báyìí. Séènì bọ́ọ̀kù ń gbé èyí tó wúwo, táyà wà ní iwájú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun gíà kan fò kọjá táyà, ó bá kọnkéré lójú. Ojú ibẹ̀ fi kòtò kékeré sílẹ̀, tó bí owó ẹyọ, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sì gbà láti ibẹ̀ lọ sí ibi tí a gé. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Àṣàkẹ́ Ẹnjiníà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:01 ìrọ̀lẹ́

Má bẹ̀rù. Fáíbà ti di ibẹ̀ mú. Fi pẹ́ńsù sàmì sí ìparí ìlà náà, kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá àmì, tàbí tí èékánná rẹ bá lè wọ inú rẹ̀, kọ̀wé sí wa.

Bàbá Mọlémọlé Òjé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 alẹ́

Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?

Ọmọ Arárọ̀mí · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:18 alẹ́

Ó ti jinná, Bàbá. Òun gan-an ló ń bu omi rin àpò ìdọ̀họ yẹn, àárọ̀ àti alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.